Eré Ọlọ́pọ́n, Gémù Orí Ẹ̀rọ àti Ìdánwò Ọ̀rẹ́

Nínú gbogbo eré tí ènìyàn ń bá ènìyàn ṣe, ẹ̀yà kan wà tí ó so ohun mẹ́ta pọ̀: ọpọ́n tí a pín sí ilé-ilé tí àwọn olùdíje ń gbà kọjá, dáìsì tàbí ohun mìíràn tí ó ń fi oríire pín ìṣísẹ̀ fún wọn, àti agbára tí òfin eré fún olùdíje kọ̀ọ̀kan láti ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá kí òun fi lè yege. Nígbà tí irú eré bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sínú kọ̀ǹpútà, fóònù tàbí ẹ̀rọ gémù, ohun kẹrin a máa kún un, èyí ni pé olùdíje yóò gbé àwọ̀ ẹ̀dá inú ìtàn wọ̀, yálà jagunjagun, onídán tàbí olè, ẹ̀dá náà yóò sì máa lówó, yóò máa lágbára, tàbí kí ó máa jó àjórẹ̀yìn bí eré ti ń lọ. Orí ìwé yìí dá lórí ìdí tí irú eré bẹ́ẹ̀ fi ń dán ọ̀rẹ́ wò ju eré mìíràn lọ, àti ohun tí ìmọ̀ ìṣirò pẹ̀lú ìmọ̀ nípa ọpọlọ rí sí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí yóò hàn ni pé àdánù nìkan kò tó láti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́. Ohun tí ó ń dunni jù ni kí ọ̀rẹ́ ní ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ó lè fìyà jẹ, kí ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ẹnìkan láàárín wọn.

Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkómáíkò, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, jẹ́ ibi tí ó dára láti wo ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ Àwórì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì sún mọ́ òpópónà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Ọjà Àlàbá, níbi tí àwọn oníṣòwò láti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Nàìjíríà ti ń ta tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ gémù àti ohun èlò abánáṣiṣẹ́ mìíràn, tuntun àti tòkunbọ̀, wà ní Ọ̀jọ́. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LASU, sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1983. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà ni ó ń gba yàrá ní Òkòkómáíkò, Ìyànà-Ìbà àti àwọn àdúgbò tí ó yí wọn ká, tí méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ń dáwó san owó ilé kan ṣoṣo. Ní irú àdúgbò báyìí, ẹni tí a ń bá ta lúdò lálẹ́ ni a óò bá fa omi ní òwúrọ̀, òun náà ni ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ wá ní owó iná.

Ọ̀nà tí eré ń gbà fìyà jẹni

Ayò ọlọ́pọ́n ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀wò, nítorí òun ni ó ṣáájú nílẹ̀ Yorùbá. Ihò 12 ni ó wà lórí ọpọ́n rẹ̀, ọmọ ayò 48 ni a sì ń pín sínú wọn, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn méjì péré ní ń ta á, kò sí dáìsì, kò sì sí ohun kan tí ó fara pamọ́ fún ojú. Ẹni tí ó bá pàdánù mọ̀ pé ìmọ̀ ẹnìkejì ni ó ju tòun lọ, kò sì lè sọ pé wọ́n dìídì mú òun láàárín àwọn yòókù, nítorí kò sí àwọn yòókù. Lóòótọ́ ni ọ̀ta, ìyẹn ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta, máa ń fi ọ̀pẹ, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, ṣe yẹ̀yẹ́, tí àwọn òǹwòran sì máa ń gbè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ìdí ọpọ́n ni èébú náà ń gbé.

Whot yàtọ̀ sí èyí. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ William Henry Storey ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1935, ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà ó ti di eré tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Káàdì 54 ni ó wà nínú rẹ̀, ènìyàn mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún sì lè ta á pọ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí a fi ń ta á ní Èkó, ẹni tí ó bá ju 2 sílẹ̀ ń mú kí ẹni tí ó kàn ṣa káàdì méjì, ẹni tí ó bá sì ju 14 sílẹ̀ ń rán gbogbo àwọn yòókù lọ sọ́jà, ìyẹn ni pé kí olúkúlùkù wọn ṣa káàdì kan. Ìyà pọ̀ nínú eré náà, ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn jókòó sí ni ó ń sọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Bí ìyà kò bá sì kan ẹni tí ó kàn nìkan, yóò kan gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó ṣa méjì lè bínú sí àga tí ó jókòó lé, ó sì lè ní kí wọ́n tún ìjókòó tò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Lúdò ni ó wá gbé yíyàn wọlé. Inú Pachisi, eré àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ni ó ti jáde, ọdún 1896 sì ni wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Olùdíje mẹ́rin lè ta á, olúkúlùkù pẹ̀lú sídì mẹ́rin, ìyẹn ọmọ eré tí ń rìn lórí ọpọ́n, bí sídì kan bá sì bá ti ẹlòmíràn nílé kan náà, ó lè jẹ ẹ́, kí ó dá a padà sí ibi tí ó ti gbéra. Bí dáìsì méjì bá fi 5 àti 3 hàn, olùdíje lè rí i pé 5 yóò jẹ́ kí òun jẹ sídì ẹni tí ó wà lápá ọ̀tún, 3 yóò jẹ́ kí òun jẹ sídì ẹni tí ó wà lápá òsì, àròpọ̀ méjèèjì sì lè gbé òun kọjá láì jẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà ń bẹ lọ́tùn-ún àti lósì. Ọwọ́ ẹni tí ó ta dáìsì ni ìpinnu wà, gbogbo àwọn tí ó jókòó sì rí i bí ó ti pinnu. Ìbéèrè tí Whot kì í bi ènìyàn ni lúdò ń bi í ní ìgbà púpọ̀ láàárín wákàtí kan: ta ni yóò jẹ nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀?

Nígbà tí olùdíje bá di mẹ́ta

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti fún ìyàtọ̀ yìí ní ìpìlẹ̀. Ní ọdún 1928, John von Neumann, tí a bí ní ilẹ̀ Họ́ngárì, fi hàn pé nínú eré olùdíje méjì tí èrè ẹnìkan jẹ́ àdánù ẹnìkejì pátápátá, ọ̀nà kan wà tí olúkúlùkù lè gbà ta á tí àdánù rẹ̀ kò fi ní kọjá ìwọ̀n kan, ohun yòówù kí ẹnìkejì ṣe. Nígbà tí òun àti Oskar Morgenstern gbé ìwé ńlá wọn lórí ìmọ̀ eré jáde ní ọdún 1944, ohun tí ó gba apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí olùdíje bá di mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí níbẹ̀ ni ẹni méjì ti lè fohùn ṣọ̀kan láti dojú kọ ẹnìkẹta. Láti ìgbà náà, mímọ eré ta nìkan kò tó mọ́. Ènìyàn ní láti mọ ẹni tí ó lè fọkàn tán, àti ìgbà tí ìfọkàntán náà yóò dópin.

Ìṣòro kan tí ó tara èyí jáde ni ti olùdíje tí kò lè yege mọ́, ṣùgbọ́n tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ yóò pinnu ẹni tí yóò yege láàárín àwọn méjì tí ó ṣẹ́kù. Ó ti di afọbajẹ láì jẹ́ pé ó wá oyè náà. Bí ó bá jẹ sídì ti ẹni àkọ́kọ́, ẹnìkejì yóò borí. Bí ó bá jẹ ti ẹnìkejì, ẹni àkọ́kọ́ yóò borí. Bí kò bá sì jẹ ti ẹnikẹ́ni, ìyẹn náà yóò ṣe ẹnìkan láǹfààní. Níwọ̀n bí kò ti sí ohun tí yóò jèrè nínú eré náà mọ́, kò sí ìdí kan nínú òfin eré tí a lè fi ṣàlàyé ìpinnu rẹ̀, àwọn tí ó jókòó a sì máa wá ìdí náà lẹ́yìn eré: ta ni ó yá a lówó lánàá, ta ni ó jẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀, ta ni ó bínú sí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ibí yìí ni eré ti ń yọ́ kúrò lórí ọpọ́n wọ inú ilé.

Dáìsì àti ohun tí ojú ń rí

Àbùdá kejì nínú àwọn eré wọ̀nyí ni oríire, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wọ̀n bí ó ti yẹ. Ọ̀nà 36 ni dáìsì méjì lè gbà balẹ̀. 11 nínú wọn ní 6 nínú, ó kéré tán ọ̀kan, ẹyọ kan péré sì ni ó ní 6 méjì. Bí ó bá jẹ́ pé 6 ni yóò jẹ́ kí sídì jáde, tí olùdíje sì ń ta dáìsì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ní ìgbà tí ó bá kàn án, ó lè ta á ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ó má rí 6 kankan, èyí yóò sì ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 23 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn mẹ́rin ní ń ta á, ìṣirò fi hàn pé nínú eré 100, nǹkan bí 65 ni yóò ní olùdíje kan, ó kéré tán, tí sídì rẹ̀ kò ní jáde lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ń pariwo pé wọ́n ti sà sí dáìsì òun wà nínú ọ̀pọ̀ eré, láì sí ojóró kankan, bẹ́ẹ̀ dáìsì kò ní ìrántí, kò sì mọ̀ pé ẹnìkan ti ń dúró.

Oríire ń yí èrò ẹni tí ó ń borí padà pẹ̀lú. Paul Piff, onímọ̀ ìhùwàsí ènìyàn tí ó ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley, mú ènìyàn méjì-méjì wá ta Monopoly, eré ọpọ́n tí a fi ń ra ilé àti ilẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti ta owó ẹyọ láti pinnu ẹni tí yóò ní owó ìlọ́po méjì àti dáìsì méjì, nígbà tí ẹnìkejì ní dáìsì kan. Bí eré ti ń lọ, ohùn ẹni tí a ṣe ojúsàájú fún ń ròkè sí i, ó ń yangàn sí i, nígbà tí wọ́n sì bi í bí ó ṣe borí, àwọn ìpinnu rere rẹ̀ ni ó ń kà sílẹ̀, kò rántí owó ẹyọ tí wọ́n ta ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Èkó ní Monopoly tiwọn láti ìparí ọdún 2012, èyí tí ilé-iṣẹ́ Bestman Games gbé jáde, tí ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún ìlú kan ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tí ó bá sọ Banana Island, àdúgbò àwọn olówó, di tirẹ̀ lórí ọpọ́n náà yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ òun nípa oríire kì í fẹ́ wọ òun létí.

Bí gémù orí ẹ̀rọ ṣe fi kún un

Eré kan tí ó fi gbogbo èyí hàn ní kedere ni Dokapon Kingdom, tí ilé-iṣẹ́ Sting ní Japan ṣe fún ẹ̀rọ PlayStation 2 ní ọdún 2007, tí ó dé Amẹ́ríkà ní 2008, tí wọ́n sì tún ṣe fún Nintendo Switch ní 2023. Olùdíje tí ó tó mẹ́rin ń rìn lórí àwòrán ilẹ̀ kan tí ó pín sí ilé-ilé bíi ti lúdò, wọ́n ń gba ìlú sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹranko búburú, wọ́n sì ń kó owó jọ, nítorí ẹni tí ọrọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù ní ìparí ni yóò borí. Bí méjì nínú wọn bá pàdé, wọ́n lè jà, ẹni tí ó bá ṣẹ́gun sì ní ẹ̀tọ́ láti yan ohun tí yóò gbà: owó ẹnìkejì, ohun ìjà rẹ̀, ìlú rẹ̀, tàbí orúkọ rẹ̀, èyí tí ó lè yí padà sí orúkọ ẹ̀sín tí gbogbo ènìyàn yóò máa kà lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí ó bá kẹ́yìn pátápátá náà lè rí ọ̀nà láti fi ohun tí ó ní sílẹ̀, kí ó di ẹ̀dá òkùnkùn tí agbára rẹ̀ ga fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì máa kiri gbẹ̀san. Mario Party, tí ó jáde ní ọdún 1998, ti rin irú ọ̀nà yìí ṣáájú rẹ̀, nítorí òun náà gba olùdíje láyè láti jí ìràwọ̀ tí ẹlòmíràn ti fi ọ̀pọ̀ àsìkò kó jọ.

Ohun méjì ni irú gémù bẹ́ẹ̀ fi kún lúdò. Àkọ́kọ́ ni àkókò: eré kan lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, tàbí kí wọ́n fi í pamọ́ sínú ẹ̀rọ kí wọ́n tún padà sí i ní ọjọ́ kejì, èyí tí ó mú kí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ènìyàn jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọjọ́ mélòó kan. Èkejì ni àwọ̀ tí olùdíje gbé wọ̀, nítorí sídì pupa kò ní orúkọ, ṣùgbọ́n jagunjagun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ sọ lórúkọ, tí ó rà ní idà, tí ó sì tọ́ dàgbà, ti di apá kan lára rẹ̀.

Ohun tí ó ń lọ nínú ọpọlọ àti nínú ẹ̀jẹ̀

Ní ọdún 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ènìyàn, ṣàlàyé pé ohun tí ènìyàn pàdánù máa ń wúwo lọ́kàn rẹ̀ ju ohun tí ó jèrè lọ, kódà bí iye méjèèjì bá dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ jù lọ ni èyí tí Alan Sanfey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2003. Wọ́n lo eré kan tí Werner Güth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ti gbé kalẹ̀ ní ọdún 1982, nínú èyí tí ẹnìkan ń pín owó, tí ẹnìkejì sì lè gbà á tàbí kí ó kọ̀ ọ́, bí ó bá sì kọ̀ ọ́, àwọn méjèèjì yóò lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀rọ tí ń yàwòrán ọpọlọ fi hàn pé ìpín tí kò tọ́ máa ń ta apá ọpọlọ kan jí, èyí tí a mọ̀ mọ́ ìmọ̀lára ìríra àti ìrora. Àwọn ènìyàn kọ ìpín burúkú náà nígbà tí ó bá jẹ́ ènìyàn ni ó pín in ju ìgbà tí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lọ. Iye owó kò yí padà. Ẹni tí ó pinnu rẹ̀ ni ó yí padà. Bákan náà ni ẹni tí dáìsì rẹ̀ kò dára ṣe lè rẹ́rìn-ín, tí ó sì lè fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ rántí ẹni tí ó fi ẹlòmíràn sílẹ̀ tí ó jẹ sídì òun.

Ara pẹ̀lú mọ ìyàtọ̀ ọ̀rẹ́ sí àjèjì. Ní ọdún 2010, Jonathan Oxford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ọ̀dọ́mọkùnrin 42 jọ sí ẹgbẹ́ 14, mẹ́ta-mẹ́ta, láti ta gémù ìbọn yíyìn lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì wọn họ́mónù wọn, ìyẹn èròjà tí àwọn ẹṣẹ́ inú ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n dojú kọ ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n sì borí, testosterone, họ́mónù tí ó tan mọ́ ìdíje, ròkè lára àwọn tí ó ṣe bẹbẹ jù fún ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kìkì bí ìdíje náà bá ṣáájú èyí tí wọ́n bá ara wọn ṣe. Nígbà tí wọ́n bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tiwọn díje, àwọn tí ó borí jù ni tiwọn fẹ́ máa lọ sílẹ̀. Ó jọ pé ara kì í fẹ́ jagun pátápátá lórí ẹni tí ó jẹ́ tirẹ̀, eré tí ó bá sì ń fi ipá mú ọ̀rẹ́ ṣe bí ọ̀tá ń ta ko ohun tí ara ti ń ṣe fúnra rẹ̀.

Láti ojú ọpọ́n sí ojú fóònù

Láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Èkó pa nítorí àrùn COVID-19, ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ni kò lè jókòó ti ọpọ́n kan náà mọ́. Ní àkókò yẹn ni Ludo King, gémù fóònù tí ilé-iṣẹ́ Gametion ní ìlú Mumbai ti gbé jáde láti ọdún 2016, gbilẹ̀ gan-an káàkiri ayé, nítorí ẹni tí ó wà ní Ìbà lè bá ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ta á. Òfin eré kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí ń tu ọkàn nínú dín kù. Lórí ọpọ́n, ẹni tí ó jẹ sídì ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rẹ́rìn-ín, ó lè bẹ̀bẹ̀, ó sì lè fi ojú sọ pé eré ni. Lórí fóònù, sídì kàn pòórá ni. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gé, ẹni tí ń borí máa ń gbà pé ẹnìkejì ti sá. Lee Ross, onímọ̀ ìhùwàsí ènìyàn, pe àkíyèsí sí irú àṣìṣe èrò yìí ní ọdún 1977: ìwà ẹlòmíràn ni ènìyàn máa ń dá lẹ́bi, níbi tí ipò tí ẹni náà wà ti fà á.

Ohun tí ń dá ààbò bo ọ̀rẹ́

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìṣirò fi hàn pé bí àwọn kan náà bá ṣe ń pàdé nínú eré léraléra tó ni ìfọ̀wọ́sowọ́pọ̀ ṣe lè gbèrú tó. Ní nǹkan bí ọdún 1980, Robert Axelrod, onímọ̀ ètò ìṣèlú, pe àwọn onímọ̀ láti fi ètò kọ̀ǹpútà bá ara wọn díje nínú eré tí olúkúlùkù lè ṣe òótọ́ tàbí kí ó dalẹ̀, tí wọ́n sì ń pàdé léraléra. Ètò tí Anatol Rapoport fi ránṣẹ́ ni ó borí, ó sì kúrú gan-an: ó ń fi rere bẹ̀rẹ̀, ó ń san ohun tí ẹnìkejì bá ṣe padà lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń gbàgbé ní kété tí ẹnìkejì bá yí padà. Olùdíje tí ó bá jẹ sídì ẹni tí ó jẹ tirẹ̀, tí kò sì gbé ẹ̀san náà wọ inú eré tí ó tẹ̀ lé e, ti rin ọ̀nà yẹn.

Àwọn nǹkan mìíràn tí ó ń ranni lọ́wọ́ rọrùn láti ṣe. Kí gbogbo olùdíje fẹnu kò lórí òfin ilé kí wọ́n tó ta dáìsì, nítorí ìyàtọ̀ òfin láti àdúgbò dé àdúgbò ni ó ń bí púpọ̀ nínú ẹ̀sùn ojóró. Kí a má fi owó tí ẹnìkan nílò fún oúnjẹ tàbí owó ilé ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀, nítorí àdánù orí ọpọ́n yóò ti di àdánù tòótọ́. Kí eré tí ó ní yíyàn nínú púpọ̀ máa mọ níwọ̀n ní àkókò, kí ó sì parí ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ pẹ̀lú kí a ya ìbínú ìdí eré sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn: Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìṣòro gémù kún ìwé àkójọ àrùn rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ bá, tí gémù gba ipò iwájú lórí ohun gbogbo láyé rẹ̀, tí ó sì ń bá a lọ láìka ìpalára sí, lọ́pọ̀ ìgbà fún oṣù 12, ó kéré tán. Ẹni tí ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ yan odì fún alẹ́ kan nítorí lúdò kò tíì dé ibẹ̀.

Nítorí náà, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ gba yàrá ní Òkòkómáíkò bá ń wá eré tí wọn yóò fi mọ ara wọn, Whot yóò ṣe wọ́n láǹfààní ju lúdò lọ, lúdò yóò sì rọrùn fún wọn ju Dokapon Kingdom lọ, nítorí bí a ti ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì ni eré ń gba ìpinnu kúrò lọ́wọ́ ìjókòó àti dáìsì, tí ó ń fi í lé ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n ti mọ ara wọn tipẹ́, tí wọ́n sì ti ní ìgbà púpọ̀ tí wọ́n bínú tí wọ́n sì parí rẹ̀, lè ta èyíkéyìí nínú wọn. Fún irú wọn, jíjẹ́ ẹni tí a yàn láti fìyà jẹ máa ń sọ pé òun gan-an ni ẹni tí à ń bẹ̀rù jù ní ìdí ọpọ́n, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀wọ̀ tí ọ̀pẹ kì í rí gbà.